Ọ́ìlì Kúlà fún Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Yẹ

Iṣẹ́ méjì ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Èkíní ni pé kì í jẹ́ kí irin ha irin. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í rántí, ni pé ó ń gbé ooru kúrò níbi tí omi rédíétọ̀ kò lè dé. Omi ń yí ara sìlíńdà ká, ó sì ń gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá, ṣùgbọ́n kò dé abẹ́ písítìnì, kò sì dé inú bẹ́ríìnì tí kíráńkì ń yí lé lórí. Ọ́ìlì nìkan ló ń dé ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí kíkankíkan tó, tí ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ooru inú ọ́ìlì ṣe ń pọ̀ sí i, títí sọ́ǹpù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lára kò fi ní lè mú un tutù mọ́. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ọ́ìlì kúlà, ìyẹn rédíétọ̀ kékeré tó jẹ́ pé ọ́ìlì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá dípò omi.

Ọ́ìlì tó gbóná jù kò dára, èyí tó tutù jù náà kò sì sàn. Bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́ lójú títì, ọ́ìlì sábà máa ń wà láàárín 90°C sí 110°C. Ó tiẹ̀ yẹ kí ó máa dé nǹkan bí 100°C, nítorí ooru yẹn ló ń lé omi àti bẹntiróò tó bá ti yọ́ wọ inú rẹ̀ jáde. Lórí pápá ìje, 120°C kì í ṣe ohun tó ń ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù bí ọ́ìlì náà bá jẹ́ ojúlówó sìntẹ́tíìkì. Láti 130°C lọ sókè ni awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa fura. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 150°C, kí ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ̀tù ló kù. Lórí ooru bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì á fẹ́lẹ́ débi pé kò ní lè ya irin sọ́tọ̀ lára irin mọ́, á sì tún máa gbó kíákíá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọ́ìlì fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni pé bí ooru bá fi nǹkan bí 10°C lé sí i, bí ọ́ìlì ṣe ń yára bàjẹ́ á di ìlọ́po méjì.

Fífẹ́lẹ́ yìí ní òdiwọ̀n, tí wọ́n ń pè ní cSt. Nínú ìlànà J300 tí ẹgbẹ́ SAE ní Amẹ́ríkà ṣe, ọ́ìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 30 gbọ́dọ̀ ki tó 9.3 cSt ó kéré tán ní 100°C, kò sì gbọdọ̀ tó 12.5. Ti 60 bẹ̀rẹ̀ láti 21.9. Ìdí nìyí tí BMW fi ní kí wọ́n máa lo 10W-60 nínú M3 kan, nígbà tí àwọn ọkọ̀ BMW mìíràn láyé ìgbà náà ń lo èyí tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn kan wá gbà pé bí wọ́n bá ti da ọ́ìlì kíki sí ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ kúlà ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì kíki a máa fa ooru tirẹ̀ bí pọ́ọ̀ǹpù àti bẹ́ríìnì ṣe ń fi ipá lọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì tí wọn kò sì ṣe fún un lè má rí i fà dáadáa ní òwúrọ̀.

Nítorí náà, kí a tó na owó sórí kúlà, wíwọn ló kọ́kọ́ yẹ. Géèjì ooru tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ti omi ni. Omi lè dúró sí 95°C gbọingbọin nígbà tí ọ́ìlì ti ré kọjá 135°C. Ibi tí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì sí náà ṣe pàtàkì. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ inú sọ́ǹpù rí kì í sábà bá ti ẹ̀gbẹ́ fílítà mu, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀n ọkọ̀ kan wé ti òmíràn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti wọn kálukú. Bí ọkọ̀ kan bá ti sáré àsápẹ́ lórí pápá, ní ọjọ́ tí oòrùn mú, tí ọ́ìlì rẹ̀ kò sì kọjá 120°C, kò nílò kúlà. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí kì í kúrò lójú títì, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ló ń bá yí lójoojúmọ́, kò nílò rẹ̀ rárá, àyàfi bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ti fi ọ̀kan sí i. Àwọn tó ń tà á kò ní sọ èyí fún oníbàárà.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí àìsí kúlà hàn lára wọn. Nissan 370Z tó jáde fún ọdún 2009 jẹ́ àpẹẹrẹ tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ mọ̀ káàkiri. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà rẹ̀, oní-lítà 3.7, a máa yí dé 7,500 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ọ́ìlì kúlà kankan lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Lójú títì, kò sí wàhálà. Lórí pápá ìje, láàárín ìyípo díẹ̀, ọ́ìlì á ti sún mọ́ 140°C, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù fúnra rẹ̀ kí irin má bàa jẹ irin. Awakọ̀ á rò pé nǹkan ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ààbò ni. Nígbà tó yá, Nissan fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kúlà sí àwọn kan nínú 370Z. Toyota 86 àti ìkejì rẹ̀, Subaru BRZ, náà ní irú ìṣòro yìí: tí wọ́n bá gbé wọn lọ sórí pápá, ọ́ìlì wọn kì í pẹ́ kọjá 130°C.

Ní ti àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, kúlà kì í ṣe àfikún. Ara ètò ìmútutù wọn ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Porsche 911, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ní Frankfurt ní ọdún 1963, kò ní omi nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1990. Fáànù ńlá kan àti ọ́ìlì púpọ̀ tó ń gbé inú táńkì tirẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un tutù. Bí agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni kúlà tó wà lára ẹ́ńjìnnì kò tó mọ́, nígbà tó sì di 1969, 911S ti ní kúlà kejì níwájú, lábẹ́ madigáàdì ọ̀tún. Ti Mazda RX-7 tún yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì Wankel tó wà nínú rẹ̀ kò ní písítìnì. Rótọ̀ onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, ọ́ìlì tí wọ́n ń fín sínú ikùn rótọ̀ náà ló sì ń mú un tutù. Ọkọ̀ RX-7 R1 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ní kúlà méjì níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ wọ̀nyí ní tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ kúlà wò kó tó yẹ kíkùn wò.

Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà kúrò nínú ọ́ìlì. Nínú irú kan, omi rédíétọ̀ ló ń gba ooru náà: ọ́ìlì ń kọjá ní ìhà kan pẹlẹbẹ irin, omi ń kọjá ní ìhà kejì. Irú rẹ̀ kéré, ó sì máa ń wà nídìí fílítà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Honda S2000 ní in. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ní ìlú olótùútù, nítorí omi tètè máa ń gbóná ju ọ́ìlì lọ, á sì fún ọ́ìlì ní ooru tirẹ̀ ní òwúrọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ́ìlì kò lè tutù ju omi lọ láéláé, àti pé gbogbo ooru tó gbà, orí rédíétọ̀ ló ń dì í rù. Ọkọ̀ tí rédíétọ̀ rẹ̀ ti ń mí hẹlẹ tẹ́lẹ̀ kò ní rí ìrànlọ́wọ́ kankan níbẹ̀. Nínú irú kejì, afẹ́fẹ́ ló ń gba ooru náà tààrà. Òun ló lágbára jù fún pápá ìje, òun náà ló sì ní wàhálà jù láti fi sí ọkọ̀. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ń fi rìn lójoojúmọ́, tí ó sì ń lọ sórí pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, oní-omi tó dára kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Bí ó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́ ni a yàn, oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Èyí tó rọrùn jù, tí owó rẹ̀ sì kéré jù, ni páìpù kan tó lọ tó bọ̀ pẹ̀lú lẹbẹ irin lára. Ó dára fún jíà ọkọ̀ akẹ́rù ju ẹ́ńjìnnì alágbára lọ. Èkejì ni àwọn pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tí wọ́n tò lé ara wọn, tí lẹbẹ wà láàárín wọn. Èyí ni Setrab ti Sweden àti Mocal ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi di olókìkí, iye ìlà pẹlẹbẹ náà ni wọ́n sì fi ń pè é: ìlà 10, 13, 16, 19, 25, títí dé 34. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n fi ọ̀pá alumíníọ̀mù nípọn dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, le jù wọ́n lọ, ó sì wúwo. Àwọn ayédèrú tó fara jọ ti Setrab pọ̀ jaburata lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí inú ni iṣẹ́ wà: nínú ojúlówó, àwọn irin kéékèèké kan wà nínú pẹlẹbẹ tó ń da ọ́ìlì rú bó ṣe ń kọjá, kí gbogbo rẹ̀ lè fara kan irin. Kúlà tí inú rẹ̀ ṣófo lásán lè ní ìlà 34 kó má ṣe iṣẹ́ ìlà 16.

Ìṣirò kékeré kan á fi bí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣe jẹ́ hàn. Ká ní pọ́ọ̀ǹpù ń gbé lítà 30 gba inú kúlà kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ààbọ̀ lítà nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n rẹ̀ á sì tó nǹkan bí kílò 0.4, nítorí ọ́ìlì gbígbóná fúyẹ́ ju omi lọ. Láti mú kílò ọ́ìlì kan wálẹ̀ ní 1°C, nǹkan bí kílójúùlù 2.2 la gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọ́ìlì jáde nínú kúlà ní 20°C dín sí bó ṣe wọlé, kílówáàtì 17.6 la ń wí. Afẹ́fẹ́ ló máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Kílò afẹ́fẹ́ kan ń gba nǹkan bí kílójúùlù kan kí ó tó gbóná ní 1°C. Bí ó bá gbóná ní 30°C bó ṣe ń kọjá, a nílò nǹkan bí ààbọ̀ mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lójú kúlà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó sì ga ní 20, afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 30 ní wákàtí kan gba àárín lẹbẹ rẹ̀. Ó jọ pé ó rọrùn fún ọkọ̀ tó ń sá 150, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń wá, bí ó bá sì rí ibi tó lè gbà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò ní gba àárín kúlà.

Ooru ojú ọjọ́ náà wà nínú ìṣirò yìí. Lórí pápá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí afẹ́fẹ́ wà ní 15°C, tí ọ́ìlì sì wà ní 115°C, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 100. Ní Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 35°C, ìyàtọ̀ náà kò ju 80 lọ. Kúlà kan náà, ọ́ìlì kan náà, ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ti lọ. Èyí tí wọ́n bá ní ó tó fún ọkọ̀ kan ní Yúróòpù kò fi dandan tó fún un ní ilẹ̀ olóoru, ó sì yẹ kí ẹni tó ń rà á béèrè irú ojú ọjọ́ tí wọ́n ti dán an wò.

Nítorí pé afẹ́fẹ́ ló máa gbé ooru lọ, ibi tí a fi kúlà sí ṣe pàtàkì ju iye ìlà rẹ̀ lọ. Ìtàn Volkswagen Beetle, Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, fi èyí hàn ju bí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kankan ṣe lè fi hàn lọ. Nínú àwọn tó ti pẹ́, inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ fáànù gan-an ni kúlà dúró sí, afẹ́fẹ́ tó ti gbóná lára rẹ̀ ló sì ń lọ bá sìlíńdà kẹta. Sìlíńdà yẹn ló sábà máa ń gbóná jù. Nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1971, wọ́n gbé kúlà náà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n sì la ọ̀nà tirẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ jáde. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì bá so kúlà mọ́ iwájú rédíétọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn: ọ́ìlì á tutù, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ibi tó dára jù ni igun bọ́ǹpà, níwájú táyà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè wọlé láti iwájú kó sì jáde sí inú àyè táyà. Ẹnu ọ̀nà náà kò ní láti fẹ̀ tó ojú kúlà. Èyí tó bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sí ìdajì sábà máa ń tó, bí ọ̀nà náà bá ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé kúlà. Kí wọ́n fi fóòmù dí etí rẹ̀ yíká. Àlàfo tí ìka kan lè wọ̀ ti tó fún afẹ́fẹ́ láti sá lọ. Ibi tí yóò gbà jáde ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Bí ike tó bo inú àyè táyà kò bá ní ihò, kúlà tó dára jù lọ láyé kò ní ṣe ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó ní wàhálà tirẹ̀. Lotus Elise oní-ẹ́ńjìnnì Toyota tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní kúlà níwájú, họ́ọ̀sì gígùn sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ lọ kó tún padà. Bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni ọ́ìlì inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, tí ìsopọ̀ tó lè jò sì ń pọ̀ sí i.

Tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń dá ọ́ìlì dúró kó má wọ kúlà títí yóò fi gbóná, kì í ṣe ohun tí a lè yọ sílẹ̀ láti dín owó kù. Ọ́ìlì tó tutù á dì bíi gbẹ̀gìrì àná, kúlà tí kò ní ohun tó ń dá a dúró á sì jẹ́ kí ó pẹ́ nípò yẹn ní gbogbo òwúrọ̀. Omi inú rẹ̀ kò ní gbẹ, bẹ́ríìnì á máa jẹ. Tẹ́mósítáàtì tó bójú mu máa ń ṣí ní nǹkan bí 80°C sí 85°C. Kó tó ṣí, á jẹ́ kí ọ́ìlì díẹ̀ máa kọjá nínú kúlà, kí èyí tó tutù gan-an má baà ya wọ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń sọ pé Èkó kò tutù bíi London, nítorí náà wọ́n lè yọ ọ́ sọnù. Òwúrọ̀ Èkó lè wà ní 25°C, ó ṣì fi 75°C dín sí ibi tí ọ́ìlì ti ń gbẹ omi inú rẹ̀. Kúlà tó tóbi jù kò léwu púpọ̀ bí tẹ́mósítáàtì bá wà. Bí kò bá sí, àṣejù ni, baba àṣetẹ́ sì ni àṣejù.

Ohun tó so kúlà mọ́ ẹ́ńjìnnì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni pẹlẹbẹ kan tó wà láàárín fílítà àti ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èèkù fílítà ọkọ̀ kan jẹ́ 3/4-16 UNF, ti òmíràn M20×1.5, ìlà àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyàtọ̀ fífẹ̀ wọn kò sì tó mìlímítà kan. Ẹni tó bá fi agídí dè é lè rò pé ó ti mú, títí di ọjọ́ tí ọ́ìlì bá tú sórí ẹgísọ́ọ̀sì. Kí a ka nọ́ńbà náà nínú ìwé ọkọ̀ kí a tó rà á. Họ́ọ̀sì AN-10 ló wọ́pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì sípọ́ọ̀tì. Iye ìdá kẹrìndínlógún ínṣì ni nọ́ńbà náà ń sọ, nítorí náà 10 jẹ́ ínṣì 5/8. Èyí tó kéré jù á fún ọ́ìlì lọ́rùn. Igun híhá tó yí gbuurugbu náà á dín ìṣàn kù. Kí a wo géèjì agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kí a tó fi kúlà sí i àti lẹ́yìn tí a bá fi sí i tán: bí agbára bá lọ sílẹ̀ gidigidi, họ́ọ̀sì tàbí kúlà náà ti há jù. Rọ́bà ni kí ó gbé kúlà dúró, kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà la alumíníọ̀mù rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀ yẹ kó wà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kí iná mú títí géèjì agbára ọ́ìlì yóò fi gbéra, kí wọ́n wá tan án, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì da ọ́ìlì kún un. Kúlà àti họ́ọ̀sì rẹ̀ lè gba ààbọ̀ lítà sí lítà kan ju bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí lọ. Àwọ̀n irin tín-ín-rín níwájú rẹ̀ á gba òkúta. Eruku àti kòkòrò tó bá dì sáàárín lẹbẹ ni kí wọ́n máa fi omi jẹ́jẹ́ ṣàn dànù, kì í ṣe omi alágbára tó ń tẹ lẹbẹ pọ̀. Bí bẹ́ríìnì ẹ́ńjìnnì bá sì jẹ nígbà kan, eérú irin rẹ̀ á ti wọ àárín gbogbo pẹlẹbẹ inú kúlà, kò sì sí fífọ̀ tó lè kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n bá so mọ́ kúlà bẹ́ẹ̀ ń mu ọ́ìlì tó kún fún irin láti ọjọ́ kìíní. Kúlà tuntun ni kí wọ́n rà.